Ẹ̀rọ Inú Ògiri Tó Ń Rùn: Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Bronx

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé, mo ké e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà ní Bronx, ní ìlú New York, mo wá bá a tọ́jú ọmọ. Ẹ̀rọ kan wà nínú ògiri lábẹ́ fèrèsé yàrá. Òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà ooru, òun náà ló ń fẹ́ gbígbóná nígbà òtútù. Láti bí oṣù kan báyìí, tí a bá ti tàn án, á máa rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Omi sì máa ń dún nínú rẹ̀. Ọmọ náà ń sín, ó sì ń wúkọ́ lóru. Súpà, ẹni tó ń bójú tó ilé fún onílé, ti fọ fíltà rẹ̀, òórùn náà kò lọ. Ẹnì kan ní ká da Hypo sí i. Ẹlòmíràn ní gáàsì rẹ̀ ló ti tán. Mo tún gbọ́ pé irú ẹ̀rọ báyìí ti pa èèyàn ní Bronx níbí rí. Kí ni ká ṣe? Àbí ká kúkú ra òmíràn?"

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àjò. Ẹ má da Hypo sí ẹ̀rọ náà. Ẹ má sì tíì san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi gáàsì sí i. Ìdọ̀tí àti omi tí kò rójú gbẹ ló ń rùn, inú lọ́hùn-ún ló sì wà, níbi tí ọwọ́ súpà kò tíì dé. Fíltà kò ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Kí n kọ́kọ́ gba ẹ̀rù kúrò lọ́kàn yín. Òótọ́ ni pé èèyàn kú. South Bronx ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà ooru ọdún 2015. Àrùn Legionnaires ni, irú òtútù àyà kan tó le gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rọ tiyín ló fà á. Orí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì kan ni kòkòrò náà ti jáde, láti inú ẹ̀rọ ńlá tó máa ń da omi sísàlẹ̀ bí òjò láti fi mú gbogbo ilé tutù. Ìrì omi tó ń ti ibẹ̀ jáde ni afẹ́fẹ́ gbé lọ bá àwọn ará àdúgbò. Tiyín kì í fi omi mú atẹ́gùn yàrá tutù. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ pé AC inú ilé àti ti ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí kòkòrò yẹn ti ń gbilẹ̀.

Èyí tó lè kan ọmọ kékeré náà ni eruku àti èbu, ìyẹn àwọn àmì dúdú wínníwínní tó máa ń hù síbi tó bá ń tutù nígbà gbogbo. Wọ́n lè mú ọmọ sín, wọ́n sì lè ru àsímà sókè lára ọmọ tó bá ní in. Bronx wà lára ibi tí àsímà ti ń da ọmọdé láàmú jù ní New York, nítorí náà ẹ gbé e lọ rí dókítà, ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀rọ inú yàrá ń rùn. Títí tí ẹ ó fi fọ̀ ọ́, ẹ gbé ibùsùn ọmọ kúrò níwájú ibi tó ń fẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí omi yẹn ti ń wá, torí ohun tó kù dá lé e lórí. Ní 1902, Willis Carrier ya àwòrán ẹ̀rọ kan fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní ìlú New York tí ẹ wà yìí. Kì í ṣe ooru ni wọ́n torí ẹ̀ pè é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú bébà wọn fẹ̀, tó tún ń mú un súnkì, tí àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn kò fi bọ́ sójú kan náà mọ́. Ẹ̀rọ tó máa fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá, iṣẹ́ yẹn náà sì wà lára iṣẹ́ tí tiyín ń ṣe títí dòní. Ní oṣù July, afẹ́fẹ́ New York máa ń kún fún ọ̀rinrin. Tó bá kan kọ́ìlì iwájú, ìyẹn páìpù àti irin tín-ín-rín tó máa ń tutù nínú ẹ̀rọ, omi á yọ lára kọ́ìlì, á máa kán sínú páànù tó wà nísàlẹ̀. Tí eruku bá ti lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì yẹn, omi á pò ó pọ̀ di ẹrẹ̀. Inú òkùnkùn ni ẹrẹ̀ náà wà, kì í sì í gbẹ. Ibẹ̀ ni èbu ti ń jẹun.

Omi tí ẹ ń gbọ́ ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, fáànù ẹ̀yìn ní òrùka kan létí tó máa ń kan omi inú páànù, tó sì máa ń fọ́n ọn sára kọ́ìlì ẹ̀yìn tó gbóná. Omi náà á gbẹ síta, kọ́ìlì náà á sì tutù díẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ibi tí ẹnì kan ti fi dírìlì dá ihò sí páànù nítorí ariwo omi, tí omi wá ń kán sórí fèrèsé ará ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ìgbà tí omi bá ń wọ inú yàrá, tó ń rin kápẹ́ẹ̀tì tàbí tó ń ba ògiri jẹ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó yá, iṣẹ́ tí ẹ̀yin àti ọmọ yín lè ṣe. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lára ògiri. Tí ẹ kò bá rí púlọ́ọ̀gì, ẹ pa búrékà rẹ̀. Bọ́tìnnì pípa nìkan kò tó. Iná tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe 120 volt tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ń lò, 208, 230 tàbí 265 volt ni irú ẹ̀rọ yìí máa ń jẹ. Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́, ohun kan wà nínú àpótí waya rẹ̀ tó ń jẹ́ kàpásítọ̀ tó ṣì lè gbé iná dání, nítorí náà ẹ má ṣí àpótí waya rárá.

Fún ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, kí ẹ di ìsàlẹ̀ ìbòrí iwájú mú, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ sì gbé e sókè kúrò lórí ìkọ́ rẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ má fipá fà á, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi sukúrù dè é. Fíltà sábà máa ń jẹ́ méjì, ẹ ó rí wọn níwájú tàbí lókè. Ẹ fi váákúmù fa eruku wọn, kí ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo fọ̀ wọ́n. Omi gbígbóná á mú ike wọn wọ́. Ẹ gbọn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ délẹ̀ kí ẹ tó dá wọn padà. Ẹ má tan ẹ̀rọ náà láìsí fíltà, bó ti wù kó kéré mọ.

Oṣooṣù ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní ká máa fọ fíltà nígbà tí a bá ń lò ó gan-an. Nínú ilé Yorùbá, mo máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ yìí ló kọ́ mi. Ilé tí wọ́n ti ń dín dòdò àti àkàrà, tí wọ́n ti ń yọ́ epo pupa fún ọbẹ̀ ata, èéfín ọ̀rá ibẹ̀ á wá bá AC, torí AC ló ń fa afẹ́fẹ́ ilé mọ́ra. Ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ fíltà, èyí tó bá kọjá á lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì, eruku á sì wá bá a níbẹ̀. Omi lásán kì í ṣí irú ìdọ̀tí yìí, ọṣẹ ni. Tí ẹ bá fẹ́ dín nǹkan, ẹ tan fáànù ìdáná, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ sì pa AC yàrá títí èéfín á fi lọ.

Bí ẹ bá ti yọ fíltà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ibi tí ó wà. Ẹ ó rí kọ́ìlì, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó tò lóòró. Tí eruku bá bò wọ́n débi pé ẹ kò rí àlàfo àárín wọn mọ́, ẹ ti rí ìdí òórùn nìyẹn. Ẹ fi ẹnu váákúmù tó ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fà á láti òkè wá sílẹ̀, bí àwọn irin náà ṣe tò. Ẹ má fà á láti ọ̀tún sósì, ẹ ó tẹ̀ wọ́n pa mọ́ra, irin tó bá sì ti tẹ̀ kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Wọ́n mú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ yín lè ra fóòmù ìfọ kọ́ìlì ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, irú èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé ó wà fún kọ́ìlì inú ilé, tí kò nílò kí a fi omi ṣan án. Ẹ kó ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fọ́n fóòmù náà sí kọ́ìlì, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ padà sí tútù, omi tó ń yọ lára kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló máa ṣàn án sínú páànù.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má lo Hypo rèé. Alumíníọ̀mù ni àwọn irin tín-ín-rín yẹn, bàbà sì ni páìpù inú wọn ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Hypo, Clorox, àti gbogbo ohun tó jọ wọ́n máa ń jẹ méjèèjì. Òórùn rẹ̀ á tún máa fẹ́ sójú ọmọ tí ẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà. Tó bá sì pàdé ohun ìfọlé mìíràn tó ní amóníà tàbí ásíìdì nínú, èéfín olóró ni yóò yọ. Ẹ má sì fọ́n pàfíúmù sí ẹnu rẹ̀ láti bo òórùn mọ́lẹ̀, ẹ̀ ń fi kún ohun tí kọ́ìlì á mú mọ́ra ni.

Ibi tí ọwọ́ yín mọ nìyẹn. Tí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, tí ẹ sì rí àmì dúdú lára fáànù tó wà nínú rẹ̀, tàbí tí òórùn náà padà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ògiri. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Ó máa ń wúwo ju 100 pọ́n-ùn lọ, iṣẹ́ ẹni méjì tó gbójú ni. Bó ṣe rí ni pé àpótí irin kan wà tí wọ́n mọ mọ́ ògiri, sleeve ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ gan-an ti ń yọ́ wọlé, tó ń yọ́ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní chassis. Kí ọmọ yín lo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nígbà tó bá ń kọ̀wé sí onílé. "Ẹ wá fọ AC wa" á tún mú súpà wá fọ fíltà lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Kó kọ ọ́ pé kí wọ́n fa chassis jáde, kí wọ́n fọ kọ́ìlì méjèèjì, fáànù àti páànù, kí wọ́n sì wo inú sleeve.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi náílọ́ọ̀nù wé mọ́tọ̀ fáànù àti àpótí waya, á sì fi omi rọra ṣan kọ́ìlì ẹ̀yìn láti inú síta, kó lè ti ìdọ̀tí padà gba ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Á jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan kí ó tó fi iná sí i. Sleeve náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ níhà ìta, kí omi tó bá pọ̀ jù lè bọ́ síta. Èyí tó rẹlẹ̀ níhà inú ló ń rin ilẹ̀ yàrá. Ẹyẹlé máa ń kọ́ ìtẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní ìlú yìí, ewé àti ìyẹ́ sì máa ń dí ojú irin ìta. Fóòmù tó yí etí chassis ká náà ṣe pàtàkì: tó bá ti gé, afẹ́fẹ́ òde ń wọlé lóru òtútù, ẹ̀ ń sanwó iná lórí òfo.

Ilé tó bá ní apátímẹ́ǹtì mẹ́ta sókè wà lábẹ́ òfin New York tí wọ́n ń pè ní Local Law 55 ti ọdún 2018, tó ní kí onílé máa yọ èbu kúrò nínú ilé, kó sì tún ohun tó ń mú un hù ṣe. Kí ọmọ yín ya fọ́tò àmì dúdú náà kí ẹ tó fọ ohunkóhun. Ìwé àti fọ́tò ni onílé máa ń dáhùn.

Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ́, gbígbẹ ló kù. Kí ẹ tó pa á lálẹ́, ẹ yí i sí fáànù nìkan fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí kọ́ìlì gbẹ. Tí bọ́tìnnì bá wà tí a lè fi yan bí fáànù ṣe máa ṣiṣẹ́, ẹ yan èyí tó máa ń dúró nígbà tí yàrá bá ti tutù tó. Fáànù tí kì í sinmi nígbà ooru máa ń dá omi ara kọ́ìlì padà sínú yàrá. Ìlẹ̀kùn kékeré kan sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ òde wọlé, ẹ tì í.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gáàsì, tó máa ń dùn mí dọ́kàn. Nílé, a ti mọ̀ pé lọ́dọọdún ni ẹni tó ń tún AC ṣe máa ń wá "fún un ní gáàsì". Gáàsì AC kì í ṣe epo mọ́tò tí ẹ̀rọ ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n jó pa ló ń yí, gáàsì tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ ló yẹ kó lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Tó bá dín, ibì kan ń jò, ẹni tó bá sì da tuntun lé e láìdí ibi tó ń jò ń gba owó lọ́wọ́ yín lásán. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ògiri, kò tiẹ̀ sí ojú ibi tí èèyàn á ti fi gáàsì sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní ẹni tó bá máa ṣí páìpù gáàsì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, tí wọ́n ń pè ní Section 608. Ẹ ní kó fi hàn yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òórùn kì í ṣe àmì gáàsì tó dín. Ẹ̀rọ tí kò tutù bó ṣe yẹ mọ́ bí fíltà tiẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fura sí. Yìnyín lára kọ́ìlì náà, fíltà tó dí ló sábà ń fà á, tàbí kí èèyàn tan tútù nígbà tí òde ti tutù.

Nígbà tí October bá dé, tí ẹ bá kọ́kọ́ yí i sí gbígbóná, ó lè rùn bí ohun tó ń jó. Eruku tó bà lé waya gbígbóná láti oṣù mélòó kan ló ń jó kúrò, á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí kò bá lọ, tàbí tó bá jẹ́ òórùn ike, ẹ pa búrékà, ẹ pe súpà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé omi gbígbóná tàbí ooru omi láti abẹ́ ilé ló ń mú inú ẹ̀rọ gbóná, kì í ṣe iná. Tí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí fáànù ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò gbóná, fáàfù, ìyẹn ohun tó ń ṣí omi tàbí ooru náà wọ inú ẹ̀rọ, ni, iṣẹ́ súpà ni. Láti October 1 títí di May 31, òfin ìlú ní kí yàrá yín gbóná tó 68°F lọ́sàn-án tí òde bá kéré sí 55°F, kó sì tó 62°F lóru láìka bí òde ṣe rí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí onílé kò sì dáhùn, ẹ pe 311, nọ́ńbà tí ará ìlú New York fi ń fi ẹjọ́ sun ìjọba ìlú.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá aṣọ ọmọ sórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń yára gbẹ. Òwú aṣọ máa ń bọ́ sínú rẹ̀, aṣọ máa ń dí ibi tó ń mí sí, iná sì lè ṣẹ́yọ níbi waya gbígbóná. Báàgì Ghana-Must-Go àti bárẹ́ẹ̀lì ẹrù tí ẹ̀ ń kó jọ fún ilé, kí wọ́n jìnnà sí i pẹ̀lú.

Ẹ má ra òmíràn nítorí òórùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti onílé, ẹrù rẹ̀ ni. Àwọn tó yẹ ká pààrọ̀ ni èyí tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ohun tó ń ti gáàsì yí ká, ti kú, èyí tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà débi pé ó lu, àti èyí tí gáàsì rẹ̀ ń jò. Tí ẹ bá rí R-22, ìyẹn orúkọ gáàsì kan, lára pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn ìbòrí iwájú, ó ti dàgbà: láti January 1, 2020 ni Amẹ́ríkà ti fòpin sí ṣíṣe gáàsì yẹn àti kíkó o wọlé. Tó bá wá di dandan, chassis nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀, sleeve á dúró sínú ògiri. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 42 íńṣì ní fífẹ̀ àti 16 íńṣì ní gíga, ṣùgbọ́n àwọn ilé àtijọ́ kan ní tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà kí ọmọ yín wọ̀n ọ́. Kó ya fọ́tò pátákó kékeré yẹn àti ojú púlọ́ọ̀gì náà kó tó lọ sọ́jà, torí ẹ̀rọ 230 volt àti ti 265 volt kò ṣeé fi rọ́pò ara wọn.